Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì ló ní kí n ṣí páànù

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì la ṣí páànù ilé bàbá mi ní Iléṣà. Páànù ọ̀hún ti dógùn-ún tipẹ́, tí òjò bá ti ṣú báyìí màmá á ti máa to garawa, to bàsíà, to ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá káàkiri pálọ̀, wọ́n mọ gbogbo ojú tó ń jò bí ẹni mọ orúkọ ọmọ, mo wá ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ n tún ilé yìí ṣe. Káfíńtà tó bá wa ṣe é, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ pé bóyá ni ilé kan wà ládùúgbò wa tí ò gun òrùlé ẹ̀ rí, òun ló ní ká ní sùúrù. "Ọmọ mi, má kánjú. Jẹ́ kí Júláì lọ. Tí Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì bá dé, òjò á sinmi, a ó ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́, pákó ò ní rẹ." Mo gbà. Ta ló máa bá bàbá jiyàn? Àwọn tó ń ká àgbàdo àkọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń dá ìgbéyàwó sí oṣù kẹjọ mọ̀ ọ́n, ọmọ ilé ìwé tó ń ṣe họlidé mọ̀ ọ́n, pé òjò máa ń gba ìsinmi nínú oṣù yẹn.

Ọjọ́ kẹrin, nǹkan bí aago mẹ́ta òru, òjò dé. Òjò gidi ni mò ń sọ o, èyí tí àrá ń ṣíwájú ẹ̀ tí ìjì ń tì í lẹ́yìn. Tapólì tá a fi bo òkè, atẹ́gùn ká a bí ẹni ká ẹní, ó lọ sọ ọ́ sínú àgbàlá aládùúgbò. Kí n tó wá tọ́ọ̀ṣì rí, fóòmù ti mu omi yó. Ìgbà tí mo dé pálọ̀ mo bá màmá lórí àpótí, wọ́n ṣí agbòjò lé orí, nínú pálọ̀ ara wọn, wọn ò bú mi, wọn ò pariwo, wọ́n kàn wò mí títí, wọ́n wá ní, "Ṣé ìwọ àti Ọ́gọ́ọ̀sì jọ ṣàdéhùn ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó fóòmù lọ. Mo padà sí Ifẹ̀, níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Lagere, mo ń ròyìn ẹ̀ fún ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó ka fíṣíìsì ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó jẹ́ pé ojú ọjọ́ gan-an ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Mo rò pé á bá mi kẹ́dùn. Ẹ̀rín ló bú sí. "Bọ̀dá mi, Ọ́gọ́ọ̀sì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o. Òkun ni kí ẹ lọ bá wíjọ́."

Òkun kẹ̀? Èmi ọmọ Iléṣà, tí mi ò rí òkun títí mo fi pé ọmọ ogún ọdún ó lé? Lóòótọ́, tí ẹyẹ bá fò tààrà láti Iléṣà sí etí òkun, kò tó 200 kìlómítà, àmọ́ nínú orí tèmi, àwọn ará Èkó ló ni òkun, òkè ló jẹ́ tiwa. Ó ní ṣé mo gbàgbé pé Ifẹ̀ tí mo jókòó sí yìí ni Igbó Olókun wà, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìlú tí kò sí òkun níbẹ̀, ó ní igbó fún Olókun. Mi ò sọ pé àwọn àgbà ń ro ti òjò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ o, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọrọ̀ ni wọ́n ń rò, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí, èmi náà sì ti lọ kà á síwájú sí i. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ gun kọnkéré iwájú ilé yín, ẹ ó fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ wá ki ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, oòrùn kan náà ló ń pa àwọn méjèèjì, omi ṣì tutù. Tó bá di òru kọnkéré á ti tutù, omi inú dúrọ́ọ̀mù á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù, ó máa ń di ooru sínú bí ẹni tó di kùnrùn. Ẹ gbọ́ èyí ná: ooru tó wà nínú mítà 3 péré lókè òkun tó gbogbo ooru tó wà nínú afẹ́fẹ́ láti ilẹ̀ títí dé òkè sánmà. Mítà 3, kò jìn tó kànga ilé wa! Afẹ́fẹ́ lè gbàgbé ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òkun ò ní gbàgbé fún oṣù bíi mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbà òjò ṣe máa rí fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo òkun.

Báwo wá ni òjò ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹ wo kíṣìnnì tí wọ́n ń fi igi dáná. Ooru àti èéfín ń gba òkè jáde, atẹ́gùn tútù ń gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wọlé, tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀ ẹ ó mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni ààrò yẹn. Láti Épírì lọ oòrùn ń yan iyanrìn níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè, atẹ́gùn tó tutù ń ti orí Àtìláńtíìkì wọlé wá dípò ẹ̀, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó ru ọ̀rinrin òkun wá. Òun ni òjò wa. Tó bá di Dìsẹ́ńbà, oòrùn ti lọ sí gúúsù, iná ààrò ti kú, atẹ́gùn á yí ojú padà, Sàhárà á máa fẹ́ sí wa, ọyẹ́ dé, ètè bẹ́, eruku bo fóònù tí mo tò sí ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí o. Èmi rò pé bí òkun bá ṣe gbóná tó ni òjò á ṣe pọ̀ tó, ọ̀rọ̀ tán. Àbúrò mi ní rárá, pé ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní. Omi gbígbóná ló ń bọ́ òjò, torí òun ló ń fún afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilẹ̀ gbígbóná àti òkun tó tutù jù ú lọ ló ń fún atẹ́gùn lágbára láti rìn jìnnà. Tí òkun bá gbóná púpọ̀ jù níwájú ilé wa, òjò á fẹ́ràn ibẹ̀, á jókòó sí etíkun, kò ní í fẹ́ lọ sókè lápá àríwá. Tí òkun bá tutù, òjò á kúrò níbẹ̀, á bá atẹ́gùn lọ sókè ọ̀hún.

Ẹ fojú inú wo òjò bí ọ̀já tí wọ́n gbà mọ́ Áfíríkà láàárín, láti ìwọ̀ oòrùn dé ìlà oòrùn. Ní Épírì àti Méè omi Gulf of Guinea, òkun iwájú ilé wa yìí, máa ń gbóná tó bíi 28 tàbí 29 °C, ọ̀já yẹn á wà ní etíkun. Láti Méè lọ, atẹ́gùn tó ń ti ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé bọ̀ á wá le sí i, á máa gbá omi òkè òkun kúrò lójú kan, omi ìsàlẹ̀ tó tutù á gòkè wá gba ipò ẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ìlà agbedeméjì ayé, ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ ní etí òkun Ghana àti Côte d'Ivoire, àwọn apẹja Ghana mọ̀ ọ́n dáadáa torí ìgbà tí omi bá tutù yẹn ni ẹja máa ń wọ́ tìtì. Omi tó wà ní 28 á já wálẹ̀ sí 25, ibòmíràn á tilẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò ò lè gbé orí omi tútù. Ní òpin Júùnù, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣírò ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Júùnù ni tí èèyàn bá dá a sí àárín, ọ̀já òjò á fò láti etíkun, ní nǹkan bíi digirí 5 sí òkè ìlà agbedeméjì, bọ́ sí digirí 10. Ó fò ni mo sọ o, kì í rọra rìn. Ifẹ̀ àti Iléṣà wà láàárín digirí 7 sí 8. Ó fò wá dá.

Ìgbà tó sọ ọ́ báyìí ni nǹkan kan là sí mi lójú. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Kánò tó máa ń fi ojú fóònù ránṣẹ́ sí mi, gbogbo Ọ́gọ́ọ̀sì ló máa ń ní ọjà á pẹ́ o, òjò ò jẹ́ ká jáde, ojú ọ̀nà ti kún. Mo máa ń rò pé irọ́ ló ń pa fún mi, torí níbi tí mo wà òjò ń sinmi. Kò mọ̀ pé òjò tèmi ló wà lọ́wọ́ òun. Ọ́gọ́ọ̀sì ni òjò Kánò máa ń pọ̀ jù lọ, ìgbà tí oòrùn bá wá ń padà sí gúúsù, ọ̀já á tún gba orí wa kọjá wálẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà àti Ọ̀kìtóbà, òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, títí àrọ̀kúrò á fi rọ̀ tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé apá ibí á ní, ṣùgbọ́n Ọ́gọ́ọ̀sì ò ní oòrùn náà kẹ̀. Òótọ́ ni. Sánmà á dùdù láti àárọ̀, òtútù á mú, èèyàn á wọ súwẹ́tà lọ ṣọ́ọ̀bù, òjò ò sì rọ̀. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti òkun bọ̀ ló dì mọ́lẹ̀, ó ń wọlé láti ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu á hù láti inú ẹ̀ lóru, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí òwú, kò ní lè ga tó èyí tó ń di òjò ńlá. Ìgbà míì ó di ọ̀sán kó tó ṣí. Àwa kà á sí ojú ọjọ́ ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ní Júùnù àti Júláì 2016 àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Áfíríkà to irinṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú mẹ́ta nítorí ìkùukùu yìí, iṣẹ́ náà ń jẹ́ DACCIWA: Kumasi ní Ghana, Savè ní Bẹ̀nẹ̀, àti Ilé-Ifẹ̀ wa níbí. Lójú mi níbẹ̀! Èmi ń tún fóònù ní Lagere, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá ìyàwó mi tó ní oko kòkó lọ́nà Ifẹ̀ sí Oǹdó ò nílò irinṣẹ́ kankan ní tiwọn, wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé kòkó tí èèyàn bá sá ní Ọ́gọ́ọ̀sì á bu, òjò ì báà má kàn án.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkun kì í tutù bákan náà lọ́dọọdún. Ọdún míì wà tí omi tútù yẹn ò ní gòkè dáadáa, lẹ́bàá ìlà agbedeméjì Àtìláńtíìkì á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, Atlantic Niño ni wọ́n ń pè é. Irú ọdún bẹ́ẹ̀, òjò máa ń lọ́ra láti fi etíkun sílẹ̀, apá gúúsù á rẹ gidi, àwọn ará òkè lọ́hùn-ún á máa wo sánmà. Mi ò lè fi òjò òru ọjọ́ kan ṣoṣo lé òkun lọ́rùn o, ìjì lè kọjá lọ́jọ́ kan nínú bíréèkì tó dára jù lọ náà, bíréèkì ò sọ pé òjò ò ní rọ̀, ohun tó ń sọ ni pé kò ní í pọ̀. Ìyẹn gan-an ni mo yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó ṣí gbogbo òrùlé lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí n ṣí i lábala lábala.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ sí ti El Niño, torí bí ooru bá ti mú ní Máàṣì báyìí ẹnìkan á ti fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa. El Niño ò sí ní òkun tiwa rárá. Pàsífíìkì ló wà, lọ́dọ̀ àwọn ará Peru, àwọn apẹja wọn ló sọ ọ́ lórúkọ Jésù ọmọ-ọwọ́ torí ìgbà Kérésì ni omi náà máa ń gbóná. Atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń gbá omi gbígbóná láti apá Peru lọ sí apá Indonesia, débi pé ojú omi lọ́hùn-ún ga ju ti Peru lọ ní bíi ìdajì mítà. Ibi tí omi gbígbóná bá wà ni afẹ́fẹ́ ti ń gòkè tí òjò ti ń rọ̀, á wá padà wálẹ̀ sí apá Peru ní gbígbẹ. Tí atẹ́gùn yẹn bá rẹ̀, omi gbígbóná á ṣàn padà, òjò á tẹ̀ lé e, Indonesia àti Australia á gbẹ, Peru á rì. 1997 sí 1998 le, 2015 sí 2016 le, 2023 sí 2024 náà wà ńbẹ̀.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni Gilbert Walker, Òyìnbó onímọ̀ ìṣirò tó fẹ́ràn àtimáa ju boomerang, igi tí wọ́n ń jù tó ń padà wá bá ẹni tó jù ú. Kò kọ́ iṣẹ́ ojú ọjọ́ rárá, wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà ní 1904 láti lọ di olórí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ibẹ̀, torí òjò ti já wọn kulẹ̀, ìyàn sì ti pa àìmọye èèyàn. Ó kó nọ́ńbà láti gbogbo ayé jọ, ó ń ṣírò, ó rí i pé ìwúwo afẹ́fẹ́ Pàsífíìkì àti ti òkun Íńdíà dà bí òṣùwọ̀n, tí apá kan bá lọ sókè èkejì á wálẹ̀. Kò rí ìdí ẹ̀ títí ó fi kú. Ìgbà tó di 1969 ni Jacob Bjerknes, onímọ̀ ojú ọjọ́, fi hàn pé òkun àti afẹ́fẹ́ ló ń ti ara wọn, ó wá fi orúkọ Walker pe ìyípo afẹ́fẹ́ ọ̀hún. Ọwọ́ El Niño dé Áfíríkà náà, ó máa ń fẹ́ dín òjò kù ní apá òkè lẹ́bàá aṣálẹ̀, àmọ́ ní gúúsù tiwa, òkun ẹnu ọ̀nà ilé wa yìí lágbára lórí wa jù ú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi í ránṣẹ́.

Èyí tó bí mi nínú jù nínú gbogbo ohun tí mo kà ni ọ̀rọ̀ ọ̀dá tó mú ní Sahel, ilẹ̀ tó wà ní etí gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, láti nǹkan bí 1970 títí wọ inú àwọn ọdún 1980 lọ, láti Senegal dé Chad, tí màlúù ń kú, tí èèyàn ń kú, tí adágún Chad ń sún kì. Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Àwọn darandaran àti àgbẹ̀. Wọ́n ní ẹran wọn ti jẹ koríko tán, ilẹ̀ ti di ìhòòhò, ó wá ń tan ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sókè, ìyẹn ló lé òjò lọ, Jule Charney, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1975, ó sì wọ̀ létí. Ní 2003, Alessandra Giannini, onímọ̀ ojú ọjọ́ lòun náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé e fún kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà gba bí ojú òkun ṣe gbóná tó lọ́dọọdún nìkan, kò gbọ́dọ̀ gbọ́ nǹkan kan nípa ẹran tàbí oko. Ọ̀dá náà jáde, ó jọ bó ṣe rí. Òkun Àtìláńtíìkì lápá gúúsù àti òkun Íńdíà ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n fa ọ̀já òjò mọ́ra, kò lè gòkè lọ sí àríwá. Ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ mú un le sí i lóòótọ́, mi ò ní gba gbogbo ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ẹni tí màlúù ẹ̀ kú ni wọ́n ń pè ní apànìyàn. Bí a bá ṣe eléyìí nílé ẹjọ́, ta ló máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn?

Ẹ má bínú, mo ti jìnnà sí páànù. A ti kan án tán báyìí. Dìsẹ́ńbà la padà gùn ún, nínú ọyẹ́, eruku wọ ojú gbogbo wa, irin tutù bí yìnyín láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan ò bọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ mo fi àwòrán ojú òkun han bàbá káfíńtà lórí fóònù mi, ọ̀fẹ́ ni o, àwọn NOAA, ilé iṣẹ́ òkun àti ojú ọjọ́ ti Amẹ́ríkà, máa ń gbé e jáde lójoojúmọ́, sátẹ́láìtì ló ń wò ó láti òkè, ibi tó gbóná jù bó ṣe yẹ lọ á pupa, ibi tó tutù á búlúù. Mo tún fi àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, máa ń gbé jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún hàn wọ́n, tó ń sọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀, tó sì ń sọ bí Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì ṣe máa gùn tó lápá ibi. Wọ́n wò ó, wọ́n yí fóònù sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. "Òkun wo lèyí? Ṣé ti Èkó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ti Èkó náà wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní, "Òkun Èkó ló ba tapólì mi jẹ́?" Wọn ò dáhùn mọ́, wọ́n gbé hámà.

Mo rò pé wọn ò gbà mí gbọ́. Àfi ní Júláì tó tẹ̀ lé e tí fóònù mi dún, bàbá fẹ́ gba iṣẹ́ òrùlé kan lẹ́bàá ọjà Atakúnmọ̀sà. Mo kí wọn, wọ́n kí mi.

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, sà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Òkun ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n dúró ná, kí n tan dátà.